Àkọ́so Píà Ilé Grayson

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó tì mí pẹ̀lú ìrètí pé ìtàn adùn ni mo fẹ́ sọ: inú ń bí mi. Ó ti ń bí mi láti ìgbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá. Àwọn tó fẹ́ràn mi ti gbà mí nímọ̀ràn títí ó fi sú wọn. Ọkọ mi ní, “Tọ́pẹ́, ṣé nítorí èso?” Ọmọ mi obìnrin, tí a bí sí Buford, tí Yorùbá rẹ̀ máa ń fì bí ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ kan ti jò, ní, “Mọ́mì, it's just a pear.” Mo ní mo gbọ́, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n já oúnjẹ gbà lẹ́nu rẹ̀ ló lè sọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ á tán, èyí tí mo sì ń wí yìí, lẹ́nu ìyá arúgbó ni wọ́n ti já a gbà. Ìyá náà kò sì bínú. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ bá a bínú rẹ̀. Mo gbà á ṣe.

Píà ni mò ń sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí ẹ̀yin ará ilé máa ń là sí méjì, tí ẹ ó fi ṣíbí wà á sórí búrẹ́dì. Kì í sì í ṣe ti àwọn òyìnbó, èyí tí ọrùn rẹ̀ gùn, tí wọ́n máa ń gbé sójú fèrèsé kó lè rọ̀. Ti àwọn ará Japan àti Korea ni. Ó rí róbótó bí ápù. Àwọn kan yẹ́lò bí iná fìtílà, àwọn kan pọ́n bí ẹ̀yìn búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò, pẹ̀lú àmì tóótòòtó lára wọn bí ẹni pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún wọn. Orí igi ló ti ń gbó, orí igi ló ti ń dùn. Bí o bá já a, kí o gé e jẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Á ró kẹrẹ́ bí ìrèké, omi á sì ṣàn gba àgbọ̀n rẹ wọ inú ẹ̀wù. Ẹni tó bá ní kí òun dúró kó rọ̀, yóò dúró títí á fi jẹrà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ síbì kan, n kò tíì bínú tán.

Ilé Clarkston tí a ti kó wá, lẹ́bàá Atlanta ní Amẹ́ríkà, ariwo ni. Àwọn ará Somalia wà lókè orí wa, àwọn ará Vietnam wà lápá ọ̀tún, àwọn ará Ethiopia wà nísàlẹ̀, òórùn ata gbogbo ayé sì ń pàdé lórí àtẹ̀gùn kan ṣoṣo. Nígbà tí Dádì ra ilé ní Grayson, nínú subdivision tuntun tí gbogbo ilé ibẹ̀ jọra bí ìbejì, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ bà mí lẹ́rù. Ohun tí à ń gbọ́ kò ju ẹ̀rọ amúlétutù lọ, tó ń kùn bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun, àti ilẹ̀kùn gáréèjì tó ń han goorogo nígbà tí Mọ́mì bá ti shift dé. Nọ́ọ̀sì ni Mọ́mì. Dádì ní tirẹ̀, apòògùn ni, díkónì ni pẹ̀lú, iṣẹ́ méjèèjì sì ti wọ ara wọn lọ́wọ́ rẹ̀: bí wọ́n bá ti kọ ọ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ náà ni, ìbáà ṣe oògùn, ìbáà ṣe àdúrà. Òun ló lọ ra igi píà. Ẹni tó tà á sọ fún un pé igi kan kì í dá so. Ó gbọ́dọ̀ ní oríṣi mìíràn nítòsí kí òdòdó wọn lè bá ara wọn pàdé. Dádì ní kò burú, ó ra mẹ́rin, oríṣi mẹ́rin. Shinseiki, Hosui, Shinko, ìkẹrin sì ní orúkọ kan tó gùn débi pé a sọ ọ́ di Ìkẹrin. Ó gbìn wọ́n sẹ́yìnkùlé lórí ìlà gbọọrọ, ó gbàdúrà lé wọn lórí, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ fún èmi àti rọ́bà omi.

Wọn kò so títí ọdún tí mò ń wí yìí fi dé. Ọdún náà ni Mọ́mì bí Dèjì, lẹ́yìn tí èmi ti ń ṣe ọmọ kan ṣoṣo lọ tí n kò rojọ́. Màmá Gbọ̀ngán, ìyá Mọ́mì, wá láti wẹ ọmọ. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fún un ní pápákọ̀ òfurufú. Ó dé ní òpin òtútù pẹ̀lú àpótí tó kún fún èlùbọ́, ọṣẹ dúdú àti àdí, ó wo ẹ̀yìnkùlé wa láti ojú fèrèsé kíṣìnnì, ó rí igi mẹ́rin tó funfun báláú fún òdòdó láìní ewé kan lórí, ó sì pe Dádì. “Bàbá Tọ́pẹ́,” ó ní, “èmi rò pé ọmọ mi nìkan lẹ fẹ́. Ẹ wá lọ kó ìyàwó mẹ́rin sẹ́yìnkùlé, gbogbo wọn wọ aṣọ funfun.” Dádì rẹ́rìn-ín, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí táìlì, pẹ̀lú píjámà. Àràárọ̀ ló máa ń dọ̀bálẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìyá ìyàwó rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀. Ní ti ìdọ̀bálẹ̀, bàbá mi kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.

Láti ọjọ́ náà ni igi ti di ti Màmá. Ní òwúrọ̀, màá gbọ́ omi tó ń dà sínú báfù, Dèjì á ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa, Màmá á máa kọrin oríkì fún un, á na apá rẹ̀, á na ẹsẹ̀ rẹ̀, á jù ú sókè, Mọ́mì á sì pariwo láti orí ibùsùn pé, “Màmá, ẹ rọra, dọ́kítà ní ká má jù ú!” Màmá á dáhùn pé, “Dọ́kítà yẹn, ta ló jù ú tó fi di dọ́kítà?” Lẹ́yìn náà ni ògì á délẹ̀, pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín inú agolo nítorí pé ewé kò sí. Tó bá ti pọn Dèjì tán, ó di ẹ̀yìnkùlé. Ó ti ṣe oko kòkó rí pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, kò sì lè jókòó. “Ọwọ́ tó dilẹ̀ ni èṣù ń bẹ̀ lọ́wẹ̀,” ló máa ń wí, á sì gbé ìgbálẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ní Grayson, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ń gbálẹ̀ koríko. Ará àdúgbò wa kan, òyìnbó tó máa ń sáré kọjá pẹ̀lú ajá, dúró wò wá lọ́jọ́ kan. Màmá juwọ́ sí i. Ó ní, “Ẹ kú eré o. Ta ló ń lé yín?”

Nígbà tí òdòdó rẹ̀ dànù tí èso jáde, wàhálà kan ṣẹlẹ̀ tó jẹ́ pé ilé wa nìkan ló ti lè ṣẹlẹ̀. Èso náà pọ̀ jù. Ó so wìtìwìtì, márùn-ún, mẹ́fà lórí ìdì kan, kékeré bí ẹ̀wà. Dádì ti gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ta igi pé dandan ni kí á já púpọ̀ nínú wọn dànù, kí ẹyọ kan péré kù lórí ìdì kọ̀ọ̀kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn kò ní tóbi, ẹ̀ka á sì ya. Ó sọ fún wa lórí oúnjẹ alẹ́ pé ní Sátidé, gbogbo wa ni a máa já a. Màmá gbé ṣíbí kalẹ̀.

“Ní ilé tí a ti ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ?”

“Màmá, igi ni,” Dádì wí.

“Mo rí i pé igi ni, ẹ jọ̀ọ́, ojú mi ò tíì fọ́. Ọwọ́ tí mo fi ń wẹ ọmọ láàárọ̀ lẹ ní kí n fi máa já ọmọ igi jù sílẹ̀ lọ́sàn-án?”

Mọ́mì ní, “Màmá mi, ẹ̀yin náà máa ń dín àgbàdo kù lóko.”

“Mi ò pọn ọmọ tuntun sẹ́yìn dín in.”

Báyìí ni wọ́n ṣe yanjú rẹ̀: èmi ni mo já a. Ọwọ́ mi kò wẹ ọmọ, nítorí náà ọwọ́ mi lè jẹ̀bi. Mo gun àkàbà, Màmá dúró nísàlẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí mi kí Dèjì má baà rí ohun tí mò ń ṣe, ṣùgbọ́n ó ń fi ẹnu darí mi. “O ti já a? Èwo lo fi sílẹ̀? Èyí tó tóbi jù ni kó o fi sílẹ̀. Ó dáa. Ẹ má bínú o, ẹ̀yin kékeré. Ilé ayé ni.” Gbogbo èyí tí mo já sílẹ̀ ló ṣà sínú abọ́ kan, ó sì gbẹ́ ilẹ̀ sí ìdí igi tó ti bọ́, ó sin ín. Igi kọ̀ọ̀kan gba ti ara rẹ̀. Mo béèrè pé kí ló dé tí a kò kàn kó o sínú àpò ìdọ̀tí. Ó ní, “Ohun tí èèyàn bá ṣẹ́ kù lára ìyá, ẹsẹ̀ ìyá ni wọ́n ń gbé e sí.” N kò gbọ́ òwe yẹn lẹ́nu ẹlòmíì rí, mo rò pé ó dá a sílẹ̀ lọ́jọ́ náà ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, a bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ẹ̀wù fún èyí tó ṣẹ́ kù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní ilẹ̀ tó ti wá, kí kòkòrò má baà wọ inú rẹ̀. Àpò bébà tí mo fi ń gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ sílé ìwé ni a lò. Màmá á fi sórí èso, á ká ẹnu rẹ̀ pọ̀, èmi á tẹ sítépù sí i. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹfà, igi wa dà bí igi tó ń so àpò. Àgbọ̀nrín máa ń wá láti inú igbó ẹ̀yìn ilé ní ìdájí, Màmá á sì jáde pẹ̀lú ìborùn àti ọmọ orógùn, á máa bú wọn bí ẹni bú ayálégbé: “Ẹ̀yin aláìnítìjú wọ̀nyí! Ẹ kò gbìn, ẹ kò bomi!” Kò sí ohun tó lè ṣe fún Ìkẹrin. Ṣóńṣó ẹ̀ka rẹ̀ dúdú, wọ́n tẹ̀ kọdọrọ, ewé rẹ̀ gbẹ bí ẹni pé iná ló gba ibẹ̀ kọjá. Àrùn kan tó ń pa irú igi bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Georgia ni. Dádì gé e lulẹ̀ kó má baà ran àwọn yòókù. Màmá kò sunkún lé e lórí, ó ní, “Mẹ́ta kù. Mẹ́ta náà ń jẹ́ mẹ́ta.” Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló wá sọ ohun kan ṣoṣo tó béèrè láti ìgbà tó ti dé. Mọ́mì ti bi í títí nípa aṣọ, nípa bàtà, nípa lílọ wo ilé ìtajà ńlá, ó ní rárá. Ó tọ́ka sí Hosui, èyí tí a ti tú àpò kan lára rẹ̀ wò, tí ara rẹ̀ ti ń pọ́n bí búrẹ́dì. “Èyí ni mo fẹ́ tọ́ wò kí n tó padà. Mo fẹ́ mọ ohun tí mo tọ́jú.” Mo ní, “Màmá, ó le o, eyín yín ńkọ́?” Mẹ́rin tàbí márùn-ún ló kù fún un níwájú. Ó ní, “Ìwọ á fi ṣíbí ha á fún mi.” Mo ní màá ha á. Àdéhùn nìyẹn.

Shinseiki ló kọ́kọ́ gbó, ní oṣù keje. Yẹ́lò, dídán, ẹlẹ́wà. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni Pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó ṣì wà ní Clarkston, wàásù lórí àkọ́so: pé ohun àkọ́kọ́ tí ọwọ́ ẹni bá mú jáde, ti Ọlọ́run ni, gbogbo rẹ̀ pátá, kì í ṣe ìdá kan. Mo rí Dádì bó ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ní Sátidé, a já Shinseiki tán, a kò tọ́ ẹyọ kan wò, a gbé e lọ síwájú pẹpẹ. Ẹ gbọ́, èyí kò bí mi nínú. Màmá fúnra rẹ̀ ló nu èso náà lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú aṣọ. Ó ní, “Ẹni tó fúnni ló yẹ kó kọ́kọ́ jẹ.” Ó yé wa. Ọlọ́run ti jẹ, ó kàn wá.

Kò kàn wá. Ní oṣù kẹjọ, Hosui gbó. Mo jí lọ́jọ́ Sátidé, mo ti mú ṣíbí lọ́wọ́, n kò purọ́, mo sì bá Dádì lórí àkàbà, cooler funfun ńlá méjì nísàlẹ̀, ó ń já a sínú wọn. Mo ní kí ni wọ́n ń ṣe. Ó ní àkọ́so.

“Ṣùgbọ́n a ti mú àkọ́so lọ, Dádì.”

“Ti Shinseiki nìyẹn. Oríṣi kọ̀ọ̀kan ló ní àkọ́so tirẹ̀.”

“Ẹ̀yìnkùlé kan náà ni!”

“Tọ́pẹ́. Tí mo bá bí ọmọ méjì, ṣé àkọ́bí nìkan ni màá sọ lórúkọ?”

Títí di òní, n kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí. Mo ti dàgbà, mo ti ka ìwé, mo ti jókòó nínú ìpàdé pẹ̀lú àwọn lọ́yà tí wọ́n ń gba owó lórí irú àlàyé bẹ́ẹ̀, kò sì tíì yé mi. Mo sáré wọlé lọ pe Mọ́mì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ dé, ó ṣì wọ scrubs, aṣọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó jáde láìbọ́ bàtà. Ó ní, “Olówó orí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Màmá mi ní àwọn fẹ́ tọ́ èyí wò. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n ń lọ. Ẹyọ kan ni mò ń tọrọ.”

“Ẹyọ kan lára àkọ́so kì í ṣe ẹyọ kan mọ́,” Dádì wí. “Olè ni.”

“Ta ni olè?” Ohùn Mọ́mì yí padà. “Ta ni ẹ̀ ń pè lólè? Ẹni tó wọ̀ wọ́n láṣọ? Ibi tí èèyàn bá ti ń ṣiṣẹ́ ló ti ń jẹ, ṣé wọn kò wàásù ìyẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì yín ni? Pásítọ̀ ló bomi rin ín? Pásítọ̀ ló lé àgbọ̀nrín?”

“Mọ́mì Tọ́pẹ́, má fi ẹnu rẹ kan ìránṣẹ́ Ọlọ́run.”

“Mi ò fẹnu kàn wọ́n. Èso ni mo fẹ́ fẹnu kàn!”

Ìgbà yẹn ni Màmá jáde, Dèjì lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo inú cooler, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo àna rẹ̀ lórí àkàbà. Ìyá tó bú àgbọ̀nrín, tó bú dọ́kítà, tó bú òyìnbó tó ń sáré, kò bú bàbá mi. Àna ni. Ìyá ìyàwó kì í bá àna jà lórí oúnjẹ. Bí ayé bá gbọ́ ọ, ọmọ rẹ̀ ni wọ́n á fi ṣẹ̀sín. Ó ní, “Ẹ má tìtorí ẹnu tèmi jà. Ẹnu tó kù fún eyín mẹ́rin, kí ni yóò fi píà ṣe? Bàbá Tọ́pẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o.” Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ to èyí tí kò tò dáadáa nínú cooler kó má baà gbá ara rẹ̀. Dádì sọ̀ kalẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún un nínú koríko, ó ní, “Màmá, ẹ ṣeun, ẹ̀yin ni ìyá tòótọ́.” Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tó sùn sí. Mo fẹ́ dúró lé e lórí.

Nísinsìnyí tí mo ní ilé ara mi, igi mi jẹ́ méje. Mo gbin Hosui méjì, mo gbin Chojuro tó máa ń ta sánsán bí ohun tí wọ́n fi ọtí sè, mo gbin Korean Giant tí ẹyọ kan rẹ̀ tó orí Dèjì nígbà tí wọ́n bí i. Èyí tó bá kọ́kọ́ gbó, mi ò gbé e wọlé. Ìdúró ni mo máa ń jẹ ẹ́ lábẹ́ igi, pẹ̀lú ìbínú, mo sì máa ń pe ìyẹn ní ìsìn. Dádì máa ń wá. Ó ti darúgbó, ó fẹ́ràn Hosui, á jẹ méjì, omi á máa kán sórí kọ́là rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá ó nu ẹnu rẹ̀, ó ní, “Tọ́pẹ́, ṣé o ti mú àkọ́so lọ?” Mo ní, “Mo ti jẹ ẹ́, Dádì.” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Mo bi í bóyá ó rántí ọdún tí Màmá wá wẹ Dèjì, àti cooler méjì yẹn. Ó ronú, ó ronú. Ó ní, “Cooler wo?” Kò rántí. Èmi ni mo ń gbé e káàkiri, òun ti gbé e sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ara rẹ̀ fúyẹ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ru. Ẹ sọ fún mi kí n má bínú.

Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ cooler. Ọjọ́ Àìkú kejì lẹ́yìn rẹ̀ ni Ọjọ́ Àìkú tí Màmá máa lò kẹ́yìn lọ́dọ̀ wa. Lẹ́yìn ìsìn, ìyàwó Pásítọ̀, obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ tí n kò ní nǹkan kan lòdì sí, pè wá sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. “Brother, ẹ wá gba cooler yín o, a ti fi dí yín lọ́wọ́. Àwọn ápù yẹn, ẹ má bínú, a ń retí kó rọ̀, ó kọ̀, kò rọ̀. Ó le bí òkúta. A rò pé kò tíì pọ́n, a wá fi í sílẹ̀ kó jókòó.” Ó ṣí ọ̀kan. Wọ́n ti jókòó lóòótọ́, nínú yàrá tí ooru oṣù kẹjọ ti ń sè wọ́n. Wọ́n ti dúdú, wọ́n ti yọ omi, eṣinṣin kéékèèké sì gbé ara wọn dìde láti inú rẹ̀ bí èéfín. Ìkejì náà rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó jẹ ẹyọ kan. Ọlọ́run kò jẹ ẹ́, Pásítọ̀ kò jẹ ẹ́, ọmọ Pásítọ̀ kò jẹ ẹ́. Dádì sọ fún ìyàwó Pásítọ̀ pé, “Kò burú rárá, Mọ́mì wa, a dúpẹ́.” Ó dúpẹ́! Ó gbé wọn sínú ọkọ̀. Ọ̀kan gba ẹ̀yìn, èkejì kò gbà, nítorí àga Dèjì. Ni wọ́n bá gbé e sáàárín èmi àti Màmá. Láti Clarkston títí dé Grayson, pẹ̀lú agbọ́n kan tó ń gbá ara rẹ̀ mọ́ gíláàsì, òórùn rẹ̀ bí ẹmu tó kan, Màmá gbé ọwọ́ lé ìdérí rẹ̀ kó má baà ṣí. Ní ibi iná pupa kan, Mọ́mì sọ ní jẹ́jẹ́ láìwo Dádì, “Ọlọ́run ti dá a padà fún yín.” Dádì yí rédíò sókè. Nígbà tí a délé, Màmá ló fọ cooler méjèèjì. Kó tó dà wọ́n nù, mo rí i tó ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, tó ń tẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá ẹyọ kan ṣì le. Kò sí.

Shinko nìkan ló kù, oṣù kẹsàn-án ni Shinko ń gbó, Màmá kò sì ní dé oṣù kẹsàn-án. Mọ́mì ti gbìyànjú bóyá wọ́n lè sún ọjọ́ ìrìn àjò síwájú, kò ṣeé ṣe. Ọjọ́ tí wọ́n fún un ti fẹ́ pé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí Màmá máa lọ, bí wọ́n ti ń wọn àpótí lórí ìwọ̀n ilé ìwẹ̀, tí Mọ́mì ń yọ bàtà jáde, tí ó ń fi ọṣẹ kún un, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Mo tú àpò Shinko tó tóbi jù lórí igi. Ó lẹ́wà, ó pọ́n díẹ̀, ó tẹ̀wọ̀n. Mo já a, mo fi gèlè kan wé e, mo tì í sí ìsàlẹ̀ báàgì ọwọ́ Màmá pẹ̀lú ṣíbí kan láti kíṣìnnì. Ní pápákọ̀ òfurufú Atlanta, nígbà tó dì mọ́ mi, mo sọ ọ́ sí i létí. Ó di ọwọ́ mi mú gírígírí, Dádì dọ̀bálẹ̀ lójú gbogbo èrò, ó sì lọ. N kò tún fojú kàn án mọ́ láyé.

Bí a ti padà délé, mo bọ́ sẹ́yìnkùlé. Mo rò pé níwọ̀n ìgbà tí Màmá ti ní tirẹ̀, èmi náà lè ní tèmi. Mo já èyí tó tẹ̀ lé e lórí ẹ̀ka kan náà, mo gé e jẹ. Ó dà bí gbágùúdá tútù. Kò ní omi. Ó kan, ó gbẹ mi lẹ́nu, ó lẹ̀ mọ́ mi ní àjà ẹnu bí ẹfun. Mo tu ú. Mo gé ibòmíràn lára rẹ̀, bóyá apá ibì kan ti ń dùn. Bákan náà ni. Mo dúró níbẹ̀, ó wá yé mi ohun tí mo dì sínú báàgì ìyá àgbà.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, Mọ́mì ra káàdì ìpè, a pe ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìbàdàn, níbi tí Màmá ti fẹ̀yìn lélẹ̀ kó tó máa lọ sí Gbọ̀ngán. Nígbà tó kàn mí, ohùn rẹ̀ ń dún bí ẹni tó wà nínú kòtò.

“Tọ́pẹ́ mi! Mo jẹ ẹ́ o.”

Mo tẹ tẹlifóònù mọ́ etí.

“Mo fi ṣíbí ha á bí o ṣe wí. Ó dùn! Ó dùn bí oyin. Omi rẹ̀ dà sí mi lára. Mo fún àwọn ará ibí lá, wọ́n ní oògùn wo ni mo fi sínú rẹ̀.”

“Ó dùn, Màmá?”

“Ó dùn jù. Ìwọ ọmọ yìí, o ṣe mí lóore.”

Màmá Gbọ̀ngán, tó máa ń sọ fún ìyàwó onílé lójú ara rẹ̀ pé ọbẹ̀ rẹ̀ kò níyọ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, kò tíì pọ́n ẹnikẹ́ni lé pẹ̀lú irọ́. Ó jókòó sí Ìbàdàn pẹ̀lú eyín mẹ́rin, ó ha igi gbígbẹ sẹ́nu, ó gbé e mì, ó sì wá dá adùn sílẹ̀ fún mi láti òkè òkun, kí n má baà sunkún. Mo ní, “Ẹ ṣeun, Màmá.” Káàdì tán, ohùn rẹ̀ já.

Dádì wà lórí àga rẹ̀, àwo ìrẹsì lórí orúnkún. Ó ní, “Kí ni Màmá wí?”

Mo wo ojú rẹ̀ kòró. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé mo já a. Mo fẹ́ kó pè mí lólè. Mo ní, “Mo já Shinko fún wọn. Wọ́n ti jẹ ẹ́. Wọ́n ní ó dùn bí oyin.”

Kò bínú. Ojú rẹ̀ tàn. “Ẹ ò rí i?” ó pe Mọ́mì nínú kíṣìnnì. “Ṣé mo sọ fún yín? Ọlọ́run kò jẹ́ kí Màmá pàdánù.” Ó bu ìrẹsì sí i, ó sì yí ojú padà sí tẹlifíṣọ̀n.